Máàkì Mẹ́rìnlá Nínú Èdè Ìyá Rẹ̀

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ gbé e ga kọjá páànù ilé yìí! Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn yẹn, mi ò gbọ́ yín o! Ọba tó yọ mí nínú ìtìjú, tó tún jẹ́ kí n mọ ẹni tó kó mi sínú ẹ̀, mo wólẹ̀ fún ọ. Mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Pásítọ̀ ní kí n lo ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Pásítọ̀ wa, ẹ forí jì mí. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́ta sunkún lé lórí kò lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ní kí wọ́n dá kíbọ́ọ̀dù yẹn dúró ná.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Ìbùkún, tíṣà. Èmi ni mo máa ń ka Bíbélì Yorùbá fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹ máa ń pàtẹ́wọ́ pé ẹnu mi dùn. Ọmọ Ìjùmú ni mí, láti ilẹ̀ Okun, ṣùgbọ́n Orozo ní Àbújá níbí ni èmi àti ọkọ mi ń gbé láti ìgbà tí kò tíì sí ilé púpọ̀ ní àdúgbò yìí. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa ni Ìbùkún. Láti kékeré ló ti máa ń jiyàn. Tó o bá ní kó lọ sùn, á bi ọ́ pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Lọ́yà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ìmọ̀ òfin ló fẹ́ kà ní yunifásítì, kò tiẹ̀ ní nǹkan míì lọ́kàn.

Gbogbo yín lẹ mọ ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni, ọgọ́rùn-ún máàkì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ irínwó. Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan, ọmọ á wá mú mẹ́ta tì í. Ìbùkún mú Lítíréṣọ̀, ó mú Ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ó ní Gọ́fánmẹ́ǹtì lòun fẹ́ fi ṣe ẹ̀kẹrin. Ibẹ̀ yẹn ni èmi Bọ́sẹ̀ ti dá sí i.

Mo ní, "Gọ́fánmẹ́ǹtì kẹ̀! Yorùbá ni kó o mú. Ṣé kì í ṣe èdè rẹ ni? Máàkì ọ̀fẹ́ ni!"

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ? Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Okun ni. Obìnrin kan fọ́nnu létí mi níbẹ̀ pé ọmọ òun gba méjìdínlọ́gọ́rin nínú Yorùbá, pé Yorùbá yẹn ló gbé e wọlé. Mo gbọ́ ìyẹn, orí mi wú. Mi ò bi í pé ibo lọmọ náà dàgbà sí. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé Kábà nílé lọ́hùn-ún ló dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Mi ò béèrè o! Mo kàn ní tí ọmọ tiẹ̀ bá lè gba iye yẹn, tèmi á gba ọgọ́rin.

Ìbùkún ṣe ìdánwò àkọ́kọ́. Ó wálé, ó ní, "Mọ́mì, mọ́kànléláàádọ́sàn-án." Kò tó. Ẹni tó gba igba gan-an, wọn kì í dá a lóhùn nídìí ìmọ̀ òfin. Mo ní kò burú, ìgbà àkọ́kọ́ ni. Ọdún kejì, mo gba ààwẹ̀, mo fi òróró pa á lórí, ó lọ. Ó dé. Ó ní, "Mọ́mì, mọ́kànlélọ́gọ́sàn-án."

Kai! À ń jẹun lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá Ìbùkún kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbùkún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù. Tí èyí tó ń bọ̀ ò bá yọrí, kó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ ọdún kejì ní yunifásítì. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi dàgbà sórí fọ́ọ̀mù." Kò jágbe. Ká ní ó jágbe ni, ì bá sàn fún mi.

Ẹ̀yin ará, ẹ ò mọ ohun tójú mi rí lọ́dún yẹn. Ìbùkún yọ ara rẹ̀ kúrò lórí Wásáàpù torí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé fọ́tò ilé-ìwé wọn síbẹ̀. Kò fẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, torí ẹ̀yin náà, ẹ má bínú o, bẹ́ ẹ bá ti rí i báyìí, "Ìbùkún, ilé-ìwé wo lo wà báyìí?" Ọmọ ń rù. Á máa fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Èmi náà, tí fóònù bá ti dún, mi ò fẹ́ gbé e mọ́. Mo wá ń wò ó lójú bí ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Mò ń bẹ̀rù pé lọ́jọ́ kan, mo máa délé, ọmọ yìí á sọ fún mi pé òun ò ṣe mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀. Mo ní ọwọ́ ayé ni. Mo ní àbúrò ọkọ mi obìnrin tó wà ní Lọ́kọ́ja ló di ọpọlọ ọmọ mi! Torí kí ni? Torí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó gbé Ìbùkún lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ yìí á gbọ́n jù." Gbogbo ọdún yìí ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Obìnrin tó ń fi iṣu ránṣẹ́ sí wa lọ́dọọdún! Mò ń jẹ iṣu rẹ̀, mo sì ń fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà iná. Olúwa, ṣàánú mi.

Ìgbà tó tó àsìkò láti forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, èmi àti ẹ̀ lọ sí káfè. Bó ṣe jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó yíjú sí mi, ó rọra ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú Gọ́fánmẹ́ǹtì." Mo ní, "Ṣé kí wọ́n lè sọ pé ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá ni?" Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi o! Mi ò sọ pé "kí ló dé?" Mi ò sọ pé "kí ló ṣòro níbẹ̀?" Orúkọ ara mi ni mò ń dáàbò bò. Ìbùkún wò mí, kò jiyàn. Ọmọ tó máa ń bá ẹni gbogbo jiyàn! Ó tún mú Yorùbá, ó tẹ ìka rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, a sì lọ sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá wa tó ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà ní kí n mú ìwé èsì ọdún tó kọjá wá, kí wọ́n gbé e sórí pẹpẹ, kí wọ́n gbàdúrà lé e. Ẹ mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. Ẹni tó ń wá físà gbé pásípọ́ọ̀tù wá, ẹni tó ń wá iṣẹ́ gbé ìwé ẹ̀rí wá. Mo délé, mo ní, "Ìbùkún, gbé ìwé èsì rẹ wá." Ó ní ó ti sọnù. Mo ní ká lọ tẹ òmíràn jáde. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣáà ti mọ àpapọ̀, kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?" Bí mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ló ń yẹ̀ ẹ́. Ha! Mo ní ẹ ti rí i báyìí? Ẹ̀mí tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ń sá fún pẹpẹ!

Mo mú nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ nínú fáìlì, mo lọ fúnra mi. Ọmọbìnrin Gbágyi tó ń ṣiṣẹ́ ní káfè náà tẹ̀ ẹ́ jáde, ó kí mi ní Haúsá pé, "Sànnu, Mama." Mo ká a, mo kó o sí báàgì, mo wọ kẹ̀kẹ́. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti ní kí n wo ohun tí mo fẹ́ gbé lọ bá Ọlọ́run.

Gẹ̀ẹ́sì, méjìdínlọ́gọ́ta. Lítíréṣọ̀, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹ̀kọ́ Bíbélì, mẹ́tàléláàádọ́ta. Yorùbá, mẹ́rìnlá.

Mẹ́rìnlá! Nínú ọgọ́rùn-ún! Nínú èdè ìyá rẹ̀! Ìyá náà sì rèé, ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́, ó lanu sílẹ̀. Mo pariwo débi pé ẹni tó ń wakọ̀ dúró lójijì, ó ní, "Kai, Mama, ṣé kò sí wàhálà o?" Mo bọ́ sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn délé.

Ìbùkún ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo wọlé. Mo gbé ìwé náà lé e lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, torí kò sí èdè míì tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò lè ka àwọn ìbéèrè yẹn. Ó ní òun á kàn máa tẹ A, òun á tẹ B, bó bá ṣe bọ́ sí i. Ó ní tí mo bá ka Bíbélì tán lọ́jọ́ Ìsinmi, tí gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́, inú mi máa ń dùn gan-an, òun ò sì fẹ́ kí n mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Ọdún méjì! Ọdún méjì lọmọ fi ń dá àpapọ̀ sọ fún mi, tó ń fi ìyókù pamọ́ kí ojú má baà tì mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹ̀wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúpẹ́ kí n má baà sunkún níbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ní Lokogoma. Láti àárọ̀ títí tí a fi ń jáde, "Ẹ sọ Gẹ̀ẹ́sì!" ni mò ń pariwo lé àwọn ọmọ lórí. Mo ní pátákó kan tí mo máa ń fi kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ ní kíláàsì. Mo gbé iṣẹ́ yẹn wá sílé. Ìgbà tí màmá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, wá láti ilé wá bá mi wẹ ọmọ, tó ń fi èdè Okun wa ṣeré fún Ìbùkún, mo ní, "Ìyá mi, ẹ má dà á rú mọ́ ọn lórí, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì." Ìyá mi wẹ ọmọ náà tán láìsọ nǹkan kan. Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ ọmọ láti ọjọ́ ìkómọ, èmi náà ni mo tún ní kó lọ fi Yorùbá wọ yunifásítì! Mò ń wá ọ̀tá lọ sí Lọ́kọ́ja, èmi rèé.

Ilẹ̀ mọ́, mo sáré lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà láàárín ìlú. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ Yorùbá, ẹ fi Gọ́fánmẹ́ǹtì sí i. Ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Madam, àsìkò àyípadà ti kọjá. Ohun tí ọmọ yín yàn ni yóò ṣe." Mo ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe òun ló yàn án. Èmi ni." Ọkùnrin náà bọ́ jígí ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ yàn án ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù.

Mo ra ìwé ìbéèrè àtijọ́. Mo ní kí ló wà níbẹ̀, ṣebí Yorùbá ni, èmi á kọ́ ọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ dán ara mi wò. Ogún ìbéèrè. Ẹ̀yin ará, ewì wà níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí. Àṣà wà níbẹ̀ tí wọn kì í ṣe nílẹ̀ wa. Okun ni wọ́n ń sọ nílé bàbá mi, Yorùbá inú ìwé yìí, Bíbélì nìkan ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mo máàkì ara mi: mẹ́jọ. Èmi tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún! Mẹ́jọ nínú ogún! Mo ti ìwé náà sábẹ́ tìmùtìmù.

Mo tọ Pásítọ̀ lọ. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi wá ẹni tó lè kọ́ ọmọ mi ní Yorùbá." Pásítọ̀ ní, "Ìyá Ìbùkún, àdúrà ni mo lè gbà o. Àwọn ọmọ tèmi náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń tọrọ oúnjẹ." Ẹ má rẹ́rìn-ín, Pásítọ̀, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́! Mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Okun, mo béèrè. Gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

Ọkọ mi ló rántí Alájì. Alájì tó ń ta ìkòkò àti bàsíà lọ́jà wa níbí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ mi ní baba náà sọ fún òun rí pé tíṣà Yorùbá lòun nílé, ní ilé-ìwé girama, kó tó di pé òun wá sí Àbújá. Mo lọ. Mo dúró síwájú ìsọ̀ rẹ̀, mi ò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyá wa. Ṣé ìkòkò ni àbí bàsíà?"

Mo ní, "Alájì, ọmọ mi ni." Mo ṣàlàyé fún un. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ó ní, "Ta ló ń bá a sọ Yorùbá nílé?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Tó bá ṣẹ̀ yín, èdè wo lẹ fi ń bá a wí?" Mo ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, "Tẹ́ ẹ bá ń ṣàdúrà fún un ńkọ́?" Mo ní, "Gẹ̀ẹ́sì náà ni, Alájì." Ó mi orí. Ó ní, "Mo máa kọ́ ọ. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ máa jókòó tì í. Èyí tí mo bá kọ́ ọ ní wákàtí kan, tẹ́ ẹ bá tún fi Gẹ̀ẹ́sì lé e jáde lórí ẹ̀ nílé, a ò tíì ṣe nǹkan kan."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, tí Alájì bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, èmi àti Ìbùkún á jókòó lórí bàsíà tó dojú dé. Oníbàárà ń wọlé, oníbàárà ń jáde, wọ́n ń wo tíṣà tó ń kọ́ ìwé lọ́jà bí ọmọ kékeré. Ojú tì mí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mi ò purọ́. Alájì wá ṣe òfin fún ilé wa: kò sí Gẹ̀ẹ́sì títí ọjọ́ ìdánwò. Ẹni tó bá sọ ọ́ ni yóò fọ gbogbo ìkòkò. Ọkọ mi ní òun fara mọ́ ọn, òun kúkú kì í sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù wá bà mí gidi, torí ọjọ́ mẹ́ta ni Ìbùkún ò sọ nǹkan kan. Ó ń nawọ́ sí nǹkan ni. Ó fẹ́ iyọ̀, ó nawọ́. Ó fẹ́ jáde, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Mo ní yéè, mo ti tún ba ohùn ọmọ mi jẹ́. Ọjọ́ kẹrin, mò ń tẹnu mọ́ ọn pé kó ka ewì kan sókè, ó ju ìwé sílẹ̀, ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, ó ti sú mi!" Ẹ̀yin ará, mo bẹ́ jó! Ó ń bínú sí mi, mò ń jó. Ó ní, "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Ìyẹn náà, Yorùbá ni! Ìgbà tó di ọjọ́ kẹfà, ó ti ń bá mi jiyàn. Ọlọ́run, o ṣeun.

Ṣùgbọ́n máàkì ò gbéra. Ogún ìbéèrè tí Alájì fún un lọ́sẹ̀ kìíní, márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kejì, méje. Ọ̀sẹ̀ kẹta, méje náà ni. Mo bi Alájì, mo ní, "Ṣé ó máa yege báyìí?" Ó ń nu ìkòkò, kò wò mí. Ó ní, "Ìyá wa, ohun tẹ́ ẹ fi ọdún mọ́kàndínlógún tì jáde, ẹ jẹ́ kó rí ọ̀nà wọlé." Ọ̀sẹ̀ kẹrin, mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mẹ́tàlá. Èmi gba méjìlá. Ọmọ mi gbà jù mí lọ, ó wo ìwé mi, ó ní, "Màámi, ẹ má sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ ni." Èébú ni! Mo gbà á.

Gwagwalada ni wọ́n fi ìdánwò rẹ̀ sí, aago méje àárọ̀. Láti Orozo! A lọ sùn sílé mọ̀lẹ́bí wa kan níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kí a tó lọ, Pásítọ̀ ta òróró sí i lórí, Alájì náà tẹ́ ọwọ́, ó ṣe dúà fún un. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo sọ "Àmín" sí méjèèjì.

Wọn ò jẹ́ kí òbí wọlé. Mo dúró lẹ́yìn géètì, mò ń wò ó láàárín irin. Ó kan Ìbùkún láti tẹ ìka kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀. Mo rí i tí wọ́n ní kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wọlé lọ, ó dá dúró. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo di géètì mú, mò ń pe Jésù débi pé ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní, "Mama, ẹ rọra, ẹ má fa géètì wa tu." Lẹ́yìn náà ni Ìbùkún sọ fún mi pé obìnrin tó wà níbẹ̀ rọra fún un ní áńkáṣífù, ó ní kó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, pé òógùn ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, iná aláwọ̀ ewé tàn. Ó wọlé. Ẹ yin Olúwa!

Ìgbà tó jáde, mi ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní, "Báwo ni?" Ó ní, "Màámi, mo kà á. Gbogbo rẹ̀ ni mo kà." Kò sọ pé òun yege. Kò sọ pé òun kùnà. Ohun tí mo mú relé nìyẹn, mo sì fi gbé ọjọ́ gbogbo tí a fi ń retí èsì.

Ọjọ́ Ẹtì kan, mo wà ní kíláàsì ní Lokogoma, fóònù dún. Ìbùkún ni. Ẹkún ló ń sun. Mo jókòó lórí àga kékeré àwọn ọmọ. Mo ní ó ti parí. Mo ní, "Ìbùkún, dákẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ náà dára, a ó wá èyí tó wù ọ́." Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín." Kò mú àpapọ̀ rárá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kà á. Gẹ̀ẹ́sì, márùndínláàádọ́rin. Lítíréṣọ̀, mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ẹ̀kọ́ Bíbélì, mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ó ku ẹyọ kan. Mo ní, "Yorùbá ńkọ́? Ìbùkún, Yorùbá ńkọ́?"

Ó ní, "Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta."

Mo figbe ta! Igba ó lé méjìlélọ́gọ́ta lápapọ̀! Mo bọ́ bàtà, mò ń fi Okun yin Ọlọ́run, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń pàtẹ́wọ́, wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá wa tó ni ilé-ìwé yọjú, ó ní, "Madam, Gẹ̀ẹ́sì o, Gẹ̀ẹ́sì!" Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, kò sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu mi lónìí." Láti ọjọ́ náà, mi ò fi pátákó kọ́ ọmọ kankan lọ́rùn mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi.

Yunifásítì fúnra rẹ̀ tún fún un ní ìdánwò tirẹ̀, ó yege. Ìwé ìgbàwọlé ti dé, ìmọ̀ òfin ló wà lórí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò kó lọ. Bàbá Ìbùkún gba ìwé náà, ó kà á, ó tún un kà, ó ní, "Lọ́yà." Ó wọ yàrá, a ò rí i títí di ìrọ̀lẹ́. Mo lọ sọ́dọ̀ Alájì, mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ìyá wa, ọmọ yín ló ṣiṣẹ́." Mo pe àbúrò ọkọ mi ní Lọ́kọ́ja, mo ní kó forí jì mí. Ó ní kí ni mo ṣe. Ẹ̀yin ará, mi ò lè sọ ọ́. Mo ní iṣu rẹ̀ dùn.

Ẹ̀yin ọmọ tí máàkì yín kéré, tẹ́ ẹ ti fi ìwé èsì pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ gbé e jáde. Ayé ò tíì parí. Ẹ̀yin òbí, ẹ má máa béèrè àpapọ̀ nìkan. Ẹ jókòó ti ọmọ, ẹ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó yan ohun tó ń kùnà. Ó lè má jẹ́ òun. Ọlọ́run tó dá mi lóhùn yóò dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ múra o, ó lè ti ọ̀dọ̀ yín bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan ló kù. Gbogbo ẹni tó yẹ kí n bẹ̀ ni mo ti bẹ̀, ó ku ẹnì kan. Láti ọjọ́ tí èsì ti jáde, mò ń ra bàtà fún un, mò ń din adìyẹ fún un, mò ń fi oúnjẹ bẹ̀ ẹ́ torí ọ̀rọ̀ ò jáde. Ṣé ẹ mọ̀ wá, àwa ìyá. Ìbùkún, dìde níbi tó o wà. Má wo ilẹ̀, wò mí. Ọdún méjì ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ. O mọ̀ pé èmi ni, o dákẹ́ nítorí mi, mo sì ń pariwo lé ọ lórí. Má bínú, ọmọ mi. Níwájú gbogbo ìjọ, èmi ìyá rẹ ni mò ń bẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú.

Ó ń bọ̀ o. Ẹ yà fún un, ẹ jẹ́ kó kọjá. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́, Olúwa mi, mo dúpẹ́. Ẹ gba máíìkì yìí lọ́wọ́ mi kí n lè di ọmọ mi mú.